Fọ́ǹtì Ojú-Àwọ̀n àti Àmì Lẹ́tà Yorùbá: Orúkọ Ẹ̀rìn-Ilé Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

1. Ìfáárà

Ẹ̀rìn-Ilé jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yún ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì bá ìlú Ọ̀fà pààlà. Lẹ́tà méje àti àmì ìsopọ̀ kan ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ ní ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Nínú lẹ́tà méje yìí, mẹ́ta ni ó ní àmì ohùn. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, èyí tí ó ṣíwájú, ní àmì lórí, ó sì tún ní àmì lábẹ́. Bí wọ́n bá mú àwọn àmì wọ̀nyí kúrò, ohun tí ó kù ni “Erin-Ile”. Ẹni tí kò mọ ìlú náà lè kà á bí ẹni pé erin, ẹranko ńlá inú igbó, ni wọ́n ń sọ. Ó sì lè rò pé ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín ni. Bákan náà ni Ọ̀fà tí ó múlé tì í ṣe ń di ọfà tí ọdẹ ń ta.

Àìmọ̀ọ́kọ nìkan kọ́ ni ó ń fa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn òǹkọ̀wé mọ àmì, ó sì fẹ́ fi í sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Lára àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi igun-mẹ́rin kéékèèké to lẹ́tà: kọ̀ǹpútà àtijọ́, tẹlifóònù alágbèéká ti ìgbà àkọ́kọ́, pátákó iná tí ọ̀rọ̀ ń rìn kọjá lójú rẹ̀, àti àwọn ojú ẹ̀rọ kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ mànàmáná. Ní òde òní, irú lẹ́tà yìí ti tún padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹwà. Àwọn tí ń ṣe eré kọ̀ǹpútà àti àwọn ayàwòrán ń lò ó láti rán ènìyàn létí àwọn ọdún 1980. Bí ó bá padà wá láìsí àmì Yorùbá nínú rẹ̀, àṣìṣe àtijọ́ ni yóò tún gbé wá.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe ìṣirò àyè tí lẹ́tà Yorùbá nílò nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, láti fi ibi tí ìdènà wà gan-an hàn, àti láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Orúkọ Ẹ̀rìn-Ilé ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ó fi wọn ìṣirò náà, nítorí pé fọ́ǹtì tí ó bá lè kọ orúkọ yìí ní àkọtọ́ ti borí èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ náà.

2. Ohun tí fọ́ǹtì yìí jẹ́

Fọ́ǹtì ni àkójọ àwòrán gbogbo lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé, tí gbogbo wọn jọ ní ìrísí kan náà. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ẹ̀rọ ń gbà tọ́jú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ̀rọ mọ ìlà tí ó yí etí lẹ́tà ká. Yóò ṣe ìṣirò ìlà náà, yóò sì kun inú rẹ̀, bí ó ti wù kí lẹ́tà náà tóbi tó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pín àyè lẹ́tà sí igun-mẹ́rin kéékèèké tí ó dọ́gba, ní ìbú àti ní òòró, kí wọ́n sì pàṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ó tàn tàbí kí ó má ṣe tàn. Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Èrò inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọwọ́ Yorùbá. Ẹni tí ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí ara adé ọba ń ya ojú ènìyàn àti ẹyẹ láti inú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ní ju àwọ̀ kan lọ. Ahunṣọ pẹ̀lú ń mú ọnà jáde láti ibi tí òwú òòró àti òwú ìbú ti pàdé. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó jẹ́ ojú ènìyàn fúnra rẹ̀. Ìtò wọn ni ó di ojú.

Nínú ẹ̀rọ, ìtò náà di nọ́ńbà. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fún lẹ́tà kan ní igun-mẹ́rin mẹ́jọ ní ìbú. Nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà lè tàn tàbí kí ó má tàn, ìtò tí ó ṣeé ṣe lórí ìlà kan jẹ́ 256, báìtì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Iye kan náà ni odù Ifá. Àmì mẹ́rin ní ọ̀tún àti mẹ́rin ní òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan tàbí ìlà méjì, ni ó ń mú 256 jáde. Èyí kò sọ Ifá di kọ̀ǹpútà, kò sì sọ kọ̀ǹpútà di Ifá. Ìṣirò ni ó jọra, olùkọ́ sì lè lò ó láti mú ọ̀rọ̀ náà yé akẹ́kọ̀ọ́ kíákíá.

Àwòrán 1 fi lẹ́tà ẹ̀ hàn nínú ìlà mẹ́wàá. Àmì # dúró fún ibi tí ó tàn, àmì . sì dúró fún ibi tí kò tàn.

Àwòrán 1

1   . . # . . . . .
2   . . . # . . . .
3   . . . . . . . .
4   . . # # # . . .
5   . # . . . # . .
6   . # # # # # . .
7   . # . . . . . .
8   . . # # # # . .
9   . . . . . . . .
10  . . . # . . . .

Bí wọ́n bá fún àwọn àyè mẹ́jọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2 àti 1 láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kẹrin yóò jẹ́ 32 + 16 + 8, èyí tí í ṣe 56. Ìlà kẹfà yóò sì jẹ́ 64 + 32 + 16 + 8 + 4, èyí tí í ṣe 124. Nọ́ńbà mẹ́wàá báyìí ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nípa ẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún un

Iṣẹ́ ìperí kò parí sí kí wọ́n fi ohùn Yorùbá pe ọ̀rọ̀ àjèjì. “Píksẹ́lì” ṣeé pè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí ó jẹ́. Ẹlòmíràn lè fẹ́ lo “èérún”. Ṣùgbọ́n èérún ni ohun tí ó já bọ́ lára odidi; kò ní ìwọ̀n kan pàtó, bí wọ́n bá sì gbá a kúrò, àyè rẹ̀ kò sí mọ́. Igun-mẹ́rin inú fọ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, àyè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ yálà ó tàn tàbí kò tàn.

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó gbé èrò yìí: ojú àwọ̀n. Apẹja mọ̀ pé ojú àwọ̀n ti wà kí ẹja tó kó sí i, ó sì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹja kúrò. Ó tún mọ̀ pé títóbi ojú àwọ̀n ni ó ń sọ irú ẹja tí yóò bọ́ lọ. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ọ̀rọ̀ ìperí, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àmì Yorùbá nínú fọ́ǹtì olójú ńlá nìyẹn: lẹ́tà dúró nínú àwọ̀n, àmì bọ́ lọ.

Wọ́n lè ṣe àtakò pé ẹrù ti pọ̀ jù lórí “ojú”: ojú ìwé wà, ojú ọ̀nà wà, ojú ẹ̀rọ náà wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dá dúró, òótọ́ ni àtakò yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ “àwọ̀n” nígbà gbogbo, kò sí ibi tí yóò ti dàrú mọ́ àwọn yòókù lójú òǹkàwé.

Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n yanjú. Àwọn kan ń pe àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ní “àmì ìsàlẹ̀”. Orúkọ yìí lè túmọ̀ sí àmì ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé orí lẹ́tà ni ó máa ń wà. Nínú iṣẹ́ tí àyè òkè àti àyè abẹ́ lẹ́tà ṣe pàtàkì tó báyìí, àṣìlóye bẹ́ẹ̀ léwu. “Àmì abẹ́” ni ó sàn jù.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nìwọ̀nyí:

àwọ̀n: gbogbo igun-mẹ́rin tí wọ́n pín àyè lẹ́tà kan sí
ojú-àwọ̀n: igun-mẹ́rin kan ṣoṣo nínú àwọ̀n, tí ó lè tàn tàbí kí ó má tàn
ìlà ìbú: àwọn ojú-àwọ̀n tí ó tò láti òsì sí ọ̀tún
ìlà òòró: àwọn ojú-àwọ̀n tí ó tò láti òkè sí ìsàlẹ̀
ara lẹ́tà: lẹ́tà fúnra rẹ̀, láìka àmì mọ́ ọn
ìlà ìjókòó: ìlà tí ẹsẹ̀ lẹ́tà gúnlẹ̀ lé
ìrù: apá g, j, p àti y tí ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà ìjókòó
àmì abẹ́: àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ
àmì àlẹ̀mọ́: àmì tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹ̀rọ ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí ó ṣíwájú rẹ̀
fọ́ǹtì ojú-àwọ̀n: fọ́ǹtì tí wọ́n fi ojú-àwọ̀n to lẹ́tà rẹ̀
fọ́ǹtì onílà-etí: fọ́ǹtì tí ẹ̀rọ ń ṣe ìṣirò ìlà etí lẹ́tà rẹ̀

4. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ó dé

Ọ̀nà méjì ni ìtàn yìí gbà rìn, wọn kò sì pàdé fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà kìíní ni ti àkọtọ́ Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1852. Ní 1875 ìpàdé kan wáyé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ní 1984 apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Bámgbóṣé. Apá kejì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọladélé Awóbùlúyì.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ. Ní 1963 àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ìlànà ASCII kalẹ̀, èyí tí ó fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 128 ni ó wà nínú rẹ̀, 94 nínú wọn ni ó sì dúró fún ohun tí ojú lè rí lórí ìwé. Ní 1981 kọ̀ǹpútà IBM jáde, ìrántí rẹ̀ tí ó kéré jù jẹ́ kílóbáìtì 16, lẹ́tà ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ojú-àwọ̀n mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró. Ní 1984 ilé-iṣẹ́ Apple gbé Macintosh jáde pẹ̀lú fọ́ǹtì Chicago tí Susan Kare yà, ojú-àwọ̀n kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní 1987 ìlànà VGA mú lẹ́tà tí ó ga ní ìlà 16 wá.

Ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí àwọn ọdún wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ ìmọ̀ ní èdè Yorùbá, níbòmíràn ni wọ́n ti ń pinnu iye ìlà tí lẹ́tà yóò ní lójú ẹ̀rọ. Ìgbìyànjú láti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ kò ṣàìsí. Ní àwọn ọdún 1980 kan náà, Ilé-Iṣẹ́ Èdè ti Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì kan tí ó ní lẹ́tà 33 fún àwọn èdè Nàìjíríà, Hermann Zapf ará Jámánì, tí ó lókìkí nínú iṣẹ́ yíya lẹ́tà, sì bá wọn yà á. Ẹ, ọ àti ṣ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kò gbé e wọ inú ẹ̀rọ wọn.

5. Ìṣirò gíga lẹ́tà

Ìlà mélòó ni lẹ́tà Yorùbá nílò? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú. Ó ṣeé kà.

Ara lẹ́tà ni àkọ́kọ́. Lẹ́tà E ní ọ̀pá ìbú mẹ́ta: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò di odidi kan. Ọ̀pá mẹ́ta àti àlàfo méjì jẹ́ ìlà 5. Kò sí bí ara E tàbí e ṣe lè kéré ju èyí lọ.

Àmì ohùn ni èkejì. Àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń dagun ni, ohun tí ó ń dagun kò sì lè fi ara hàn lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ojú-àwọ̀n kan gbọ́dọ̀ tàn lórí ìlà kan, kí òmíràn sì tàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ìlà tí ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlà 1 àti 2 nínú Àwòrán 1. Nítorí náà, ìlà 2 ni àmì ohùn ń gbà. Bí wọ́n bá fún un ní ìlà kan ṣoṣo, àbùkù tí ó burú ju àìsí lọ ni yóò ti ibẹ̀ wá, nítorí pé ìlà gbọọrọ tí kò dagun ni àmì ohùn àárín nínú àkọtọ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò wá di ohùn àárín lójú òǹkàwé. Lórí lẹ́tà i, ojú-àwọ̀n kan ṣoṣo kò ní yàtọ̀ sí tótó orí i rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ni ó yẹ kí ó rọ́pò tótó náà.

Àlàfo ni ẹ̀kẹta. Ìlà 1 gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì ohùn àti ara lẹ́tà, ìlà 1 mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ara lẹ́tà àti àmì abẹ́. Àmì abẹ́ fúnra rẹ̀ gba ìlà 1.

Àpapọ̀ rẹ̀ ni 2 + 1 + 5 + 1 + 1, èyí tí í ṣe ìlà 10. Bí wọ́n bá fi ìlà 1 kún un kí ọ̀rọ̀ òkè má baà lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó di 11. Èyí ni ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ fún Ẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ẹ̀rìn-Ilé. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n yìí, E ńlá àti e kékeré ga bákan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí lẹ́tà ńlá ga ní ìlà 7, bí ó ti wọ́pọ̀, àpapọ̀ yóò jẹ́ 12, pẹ̀lú àlàfo ó di 13. Nínú àwọ̀n onílà 16, ara lẹ́tà ńlá lè ga tó ìlà 10, kí gbogbo àmì rẹ̀ sì pé, kí ìlà 1 sì tún ṣẹ́kù.

Ohun kan hàn gbangba nínú ìṣirò yìí. Àmì abẹ́ àti àlàfo rẹ̀ gba ìlà 2 nísàlẹ̀ ìlà ìjókòó. Ìlà 2 náà gan-an ni ìrù g, j, p àti y máa ń gbà nínú fọ́ǹtì tí ó dára, ì báà jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ni pé àyè àmì abẹ́ ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò gba ìlà kankan kún un. Kódà nínú àwọ̀n onílà 8, E tí ó ga ní ìlà 5, àlàfo 1 àti àmì abẹ́ 1 jẹ́ ìlà 7, ó sì wọlé. Àmì ohùn orí lẹ́tà ńlá nìkan ni ó ń béèrè àfikún, àfikún náà kò sì ju ìlà 3 lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àìsí àyè ni kò jẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ wọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ kò sọ òótọ́ tán. Àyè wà fún wọn. Nọ́ńbà ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ ìbú kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ara lẹ́tà bá ní ìlà òòró 5, ojú-àwọ̀n 1 ni kí àmì abẹ́ jẹ́, kí ó lè bọ́ sí àárín gan-an. Bí ó bá ní 6, ojú-àwọ̀n 2 ni ó yẹ. Ẹni tí ó bá fi 1 sí abẹ́ 6 yóò rí i pé àmì náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà dípò tótó. Nínú àwọ̀n kékeré, irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ní àlàfo, ó sì máa ń dà bí ẹsẹ̀ tí ó hù lára lẹ́tà. Tótó ni ó hàn jù.

6. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà

Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25. Nítorí pé g àti b ni wọ́n fi ń kọ gb, àwòrán 24 ni fọ́ǹtì nílò, ìyẹn ni 48 fún lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Fáwẹ́lì 7 ń gba àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, èyí sì jẹ́ àwòrán 28 fún ńlá àti kékeré. N àti m tí ó ń dá gba ohùn jẹ́ 8. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 84. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà 0 sí 9 kún un, ó di 94.

Èyí bá iye àmì tí ojú lè rí nínú ASCII mu géẹ́, ṣùgbọ́n kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún àmì ìdánudúró, àmì ìbéèrè tàbí àmì ìsopọ̀ tí ó wà láàárín Ẹ̀rìn àti Ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún c, q, v, x àti z. Ìlànà oní-128 kò lè gba Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó ká wọn lọ́wọ́ kò nìyí, kì í ṣe ìrántí ẹ̀rọ. Àwòrán 84, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ìlà 16, kò gbà ju báìtì 1,344 lọ. Kílóbáìtì 16 inú kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 jẹ́ báìtì 16,384. Gbogbo lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Ìlànà Unicode, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1991, ni ó wá fún gbogbo èdè ní àyè. Ẹ ní nọ́ńbà 1EB8 nínú rẹ̀, Ọ ní 1ECC, Ṣ sì ní 1E62. Síbẹ̀, Ẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ Ẹ, kí ó sì fi àmì àlẹ̀mọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0300 tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹ́, ọ̀, ọ́ àti m̀. Ì àti é ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Nítorí èyí, lẹ́tà méje àti àmì ìsopọ̀ tí ó wà nínú Ẹ̀rìn-Ilé di nọ́ńbà mẹ́sàn-án nínú ẹ̀rọ.

Ibí yìí ni fọ́ǹtì ojú-àwọ̀n ti tún ní ìṣòro mìíràn. Nínú fọ́ǹtì tí kò ní ọgbọ́n púpọ̀, ibi kan ṣoṣo ni àmì àlẹ̀mọ́ ń dúró sí. Bí wọ́n bá gbé e sí gíga tí ó bá e kékeré mu, yóò bọ́ sínú ara E ńlá, yóò sì bà á jẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sókè kí ó lè bá E ńlá mu, yóò léfòó jìnnà sí e kékeré. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú, tí lẹ́tà ńlá ń bẹ̀rẹ̀, ni yóò jìyà rẹ̀ jù. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹni tí ń ya fọ́ǹtì ya Ẹ̀ ní odidi, ara, àmì ohùn àti àmì abẹ́ papọ̀, kí ó sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé nígbàkígbà tí 0300 bá tẹ̀ lé 1EB8, odidi àwòrán yìí ni kí ó gbé jáde. Ìlànà OpenType, tí Microsoft àti Adobe kéde ní 1996, fi àyè gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

7. Ìlò rẹ̀

Tẹlifóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Nokia 3310, ọ̀kan lára àwọn tí ó lókìkí ní àsìkò náà, ní ojú-àwọ̀n 84 ní ìbú àti 48 ní òòró. Bí ọ̀rọ̀ bá ga ní ìlà 8, ẹsẹ ọ̀rọ̀ 6 ni yóò wọ ojú rẹ̀. Bí ó bá ga ní ìlà 11, ẹsẹ 4 ni. Bí ó bá ga ní ìlà 13, ẹsẹ 3 péré ni. Owó tí àmì ohùn ń gbà nìyí, kò sì yẹ kí wọ́n fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àkójọ 128 ti GSM. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti òde wá, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò yí padà sí ìlànà mìíràn, kò sì ní gbà ju 70 lọ. Àkójọ náà ní à, è, ì, ò, ù àti é, nítorí àwọn èdè Yúróòpù tí ó ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì ní á, í, ó tàbí ú. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó ń kọ orúkọ Ẹ̀rìn-Ilé lè kọ “Erìn-Ilé” ní owó kan náà pẹ̀lú “Erin-Ile”. Ẹ̀ nìkan ni yóò sọ ọ́ di lẹ́tà 70. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ yanjú ni yóò sanwó fún àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Lóde òní, ìdènà yìí ti dín kù lórí àwọn tẹlifóònù ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn ojú ẹ̀rọ kékeré ṣì pọ̀. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ mànàmáná ń lò jù ní ojú-àwọ̀n 128 ní ìbú àti 64 ní òòró. Pẹ̀lú fọ́ǹtì onílà 16 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 8, ẹsẹ ọ̀rọ̀ 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè lẹ́tà 16 ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀rìn-Ilé yóò gba àyè 8, ìdajì ẹsẹ kan, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Àwọn ojú ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo ẹ̀yà HD44780 ti Hitachi ní àwọ̀n 5 sí 8, wọ́n sì fún oníṣẹ́ láàyè láti ya àwòrán 8 tirẹ̀. Ẹ̀, ì àti é kò ju 3 lọ nínú 8 yìí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti fi hàn, Ẹ̀ kò lè wọ ìlà 8 láìpàdánù àlàfo rẹ̀. Níbi tí ìlà kò bá ti tó, àmì abẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá sí, nítorí pé ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s jẹ́ lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmì náà kò sì gba àyè tuntun.

Ní ti àwọn tí ń lo lẹ́tà yìí fún ẹwà, iṣẹ́ ti rọrùn. Fọ́ǹtì Press Start 2P, tí wọ́n yà láti inú lẹ́tà eré Namco ti àwọn ọdún 1980, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ fọ́ǹtì onílà-etí tí ó wọ aṣọ ojú-àwọ̀n: igun-mẹ́rin ni ìlà etí wọn yí ká. Kò sí ohun tí ó dè wọ́n mọ́ ìlà 8. Ẹni tí ń ya irú rẹ̀ lè gbé àmì ohùn jáde kọjá àwọ̀n lókè, kí ó sì jẹ́ kí àlàfo láàárín ẹsẹ ọ̀rọ̀ fẹ̀ sí i. Bákan náà ni GNU Unifont, tí Roman Czyborra bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo bí Ẹ, Ọ àti Ṣ ṣe rí nínú àwọ̀n 8 sí 16.

Olùkọ́ kò nílò kọ̀ǹpútà láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìwé onígun-mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ìṣirò ti tó. Kí wọ́n fún wọn ní ìlà 8, kí wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn pẹ̀lú gbogbo àmì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fún wọn ní 13. Ọmọ tí ó bá ṣe é ní Ẹ̀rìn-Ilé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìdí tí orúkọ ìlú rẹ̀ fi ń pàdánù àmì, yóò sì kọ́ ìṣirò, àkọtọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò yìí fi hàn. Èkíní, àìní nọ́ńbà ni ó lé àmì abẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe àìsí àyè. Unicode sì ti mú ìdí náà kúrò. Èkejì, àmì ohùn ń gba ìlà 3 lórí lẹ́tà ńlá, àwọ̀n tí kò bá sì tó ìlà 11 kò lè kọ Yorùbá yanjú. Ẹ̀kẹta, bí fọ́ǹtì bá tilẹ̀ ní ìlà tí ó tó, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe ń gbé àmì àlẹ̀mọ́ ka orí lẹ́tà ńlá.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ra pátákó iná, ògbufọ̀ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ojú ẹ̀rọ kékeré fún, àti ọ̀dọ́ tí ń ya fọ́ǹtì fún eré, gbogbo wọn ni ìbéèrè kan náà yẹ: ìlà mélòó ni àwọ̀n yìí ní? Kí wọ́n béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì fi Ẹ̀rìn-Ilé dán an wò. Èyí tí ó bá kọ ọ́ láìdín kan yóò kọ Ọ̀fà, yóò kọ Ìlọrin, yóò sì kọ orúkọ ìlú Yorùbá yòówù tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀.